Èmi Àyálò: Àwọn Ìbéèrè Tó Ń Wá Lemọ́lemọ́, àti Ìdáhùn Mi

Láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ nípa bí mo ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ìwà tí kì í ṣe tèmi, àwọn èèyàn ò yé bi mí léèrè: lẹ́yìn ìsìn, ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí, lórí WhatsApp ní òru nígbà tí oorun ò kun ẹni tó ń kọ̀wé. Mo ti kó àwọn ìbéèrè tó wọ́pọ̀ jù jọ síbí. N kì í ṣe dókítà. Ohun tí mo kà, ohun tí mo gbàgbọ́ àti ohun tí ojú mi ti rí ni mo fi ń dáhùn.

Kí lẹ ń pè ní èmi àyálò?

Ẹni tí a sọ ara wa dà kí wọ́n lè fẹ́ràn wa, kí wọ́n má bàa bínú sí wa, tàbí kí wọ́n má bàa fi wá sílẹ̀. A wọ̀ ọ́ pẹ́ títí a fi gbàgbé pé a wọ nǹkan kan. Ó yàtọ̀ sí irọ́. Onírọ́ mọ̀ pé òun ń parọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó wọ èmi àyálò gbà tọkàntọkàn pé bí òun ṣe rí nìyẹn: "Èmi kì í sunkún." "Èmi kì í bínú." "Ẹ̀yin ẹ jẹun, èmi ti yó."

Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú lohun ẹni ń bá ni mu. Mo fẹ́ràn òwe yìí nítorí pé kò pe ẹni tó gba ṣòkòtò wọ̀ ní olè. Ìdí wà tó fi gbà á. Ta ló lè rin ìhòòhò lọ sọ́jà? Ṣùgbọ́n bó bá ti ń gbé ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ara ń sọ fún un pé ti ẹlòmíì ni.

Ibo ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọ inú ìmọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá?

Ẹni tó la ọ̀rọ̀ náà jù lọ ni Donald Winnicott, dókítà àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n bí ní 1896 tó sì kú ní 1971. Nǹkan bí 40 ọdún ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọmọdé tó wà ní Paddington Green ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tó ti ń wo ìyá àti ọmọ pa pọ̀. Ní 1960 ó kọ àlàyé rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ ọwọ́ a nawọ́, a ké, a rẹ́rìn-ín. Bí ìyá bá ń dá a lóhùn, ọmọ náà á gbà pé ohun tó ń ti inú òun wá níláárí. Ṣùgbọ́n bí ìbànújẹ́ tàbí àárẹ̀ bá ti mú ìyá débi pé tirẹ̀ ló ń fi rọ́pò ti ọmọ nígbà gbogbo, ọmọ á kọ́ láti máa wo ojú ìyá kó tó mọ ohun tó yẹ kóun ṣe. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ ló máa ń ṣe. Ibẹ̀ ni èmi àdàmọ̀dì, bí Winnicott ṣe pè é, ti ń hù.

Ohun tó wọ̀ mí lára jù ni pé kò pè é ní ọ̀tá. Ó ní iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi èmi ojúlówó pamọ́, kó máa ṣọ́ ọ, títí dìgbà tí ààbò á fi wà fún un láti jáde. Mo sunkún lọ́jọ́ tí mo ka ibẹ̀ yẹn. Èmi ni àkọ́bí nínú ọmọ márùn-ún. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí àìsàn dá màmá mi dúbúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Mo mọ bí ẹsẹ̀ wọn ṣe ń dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ tí ara rọ̀ wọ́n, mo sì mọ bó ṣe ń dún lọ́jọ́ tí n kò gbọdọ̀ béèrè ohunkóhun. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ìyá Kékeré, inú mi sì ń dùn sí orúkọ náà bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Ìyá Kékeré yẹn ló gbé gbogbo wa kọjá odò. N kò lè bú u láé.

Ṣé ẹ̀kọ́ ilé wá lẹ fẹ́ ká jù nù ni? Ìkúnlẹ̀, "ẹ kú iṣẹ́ mà", ṣé èmi àyálò náà nìyẹn?

Rárá o. Ìbéèrè yìí ló máa ń wá jù láti ọ̀dọ̀ àwọn àgbà, wọ́n sì jàre láti béèrè, nítorí àwọn kan ti sọ àìmọ̀wàáhù di òmìnira.

Winnicott fúnra rẹ̀ sọ pé lára ẹni tí ọkàn rẹ̀ dá ṣáṣá, ibi tí èmi yẹn máa ń hàn sí ni ọ̀wọ̀ àti ìwà ọmọlúàbí láàárín àwùjọ. Carl Jung, dókítà ọkàn tó jẹ́ ará Switzerland, ya ọ̀rọ̀ kan lò fún ojú tí a máa ń gbé síta: ó pè é ní persona, orúkọ tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń pe ìbòjú tí òṣèré ń dé nígbà eré. Àwa náà mọ irú èyí. Ẹni tó gbé igi gẹ̀lẹ̀dẹ́ lérí ní Kétu mọ̀ pé igi ni. Ó jó fún àwọn ìyá wa, ó jó dáadáa, nígbà tí ijó parí ó sọ igi kalẹ̀, ó mumi, ó lọ sílé. Ewu wà fún ẹni tí igi náà lẹ̀ mọ́ lórí.

Nítorí náà, ohun tí mo máa ń bi èèyàn ni pé: lẹ́yìn tí ẹ kúnlẹ̀ tán, ṣé ẹ lè dìde? Mo mọ obìnrin kan tó kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀, tó sì wí lórí ìkúnlẹ̀ náà pé, "Ẹ má bínú mà, kò ní ṣeé ṣe fún mi lọ́jọ́ Sátidé." Kò gbé ohùn sókè, kò sì wá àwáwí. Ọ̀wọ̀ àti òtítọ́ bá ara wọn gbé lẹ́nu kan náà. Ẹni tí kò lè sọ gbólóhùn kejì yẹn láéláé, tó ń kúnlẹ̀ tí inú rẹ̀ ń ho bí omi ọkà, ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ó wà lára mi?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí èmi ṣe mọ̀. Lọ́jọ́ kan mo pe màmá mi láti ibi iṣẹ́. Láti àárọ̀ ni mo ti ń fi ohùn kan bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀, ohùn tó ń dán tó sì ń dùn, kò sì tíì kúrò lẹ́nu mi. Mo ní, "Ẹ káàsán mà." Màmá mi dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ káàsán. Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ ń wá?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní èmi ni. Wọ́n ní, "Ìwọ ta ni?"

Mo dárúkọ ara mi. Ó ṣe mí bákan nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi, bí orúkọ ẹnì kan tí mo mọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ nígbà kan rí.

Àmì míì wà. Kí wọ́n máa yìn yín, kí ìyìn náà má sì wọlé, nítorí pé ẹlòmíì ni wọ́n ń yìn. Kí àárẹ̀ máa mú yín lẹ́yìn àríyá ju lẹ́yìn iṣẹ́ lọ. Kí ẹ máa bínú sí ẹni tí kò ṣẹ̀ yín, tó kàn sinmi nígbà tó rẹ̀ ẹ́. Karen Horney, dókítà tí wọ́n bí ní Jámánì tó wá lọ ń gbé ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1950 pé "ó yẹ kí n" lè jẹ gàba lé èèyàn lórí bí ọba òǹrorò: ó yẹ kí n lè fara dà á, ó yẹ kí n ti mọ̀, kò yẹ kó dùn mí. Ẹ ka iye ìgbà tí ẹ sọ ọ́ nínú ara yín lónìí.

Kí ni Bíbélì sọ sí i?

Gbogbo èèyàn ló máa ń tọ́ka sí Éfésù 4, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní ká bọ́ ògbologbo ọkùnrin nì sílẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ìtàn Jékọ́bù ló tú mi sílẹ̀.

Nínú Jẹ́nẹ́sísì 27, Jékọ́bù wọ aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá rẹ̀ fi awọ ọmọ ewúrẹ́ bo ọwọ́ rẹ̀ àti ọrùn rẹ̀ níbi tó ń dán. Ẹ kíyè sí i pé ìyá rẹ̀ ló fi wọ̀ ọ́, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa, ẹni tó fẹ́ràn wa ló fi tiwa wọ̀ wá. Bàbá rẹ̀ tí kò ríran mọ́ bi í pé, "Ta ni ọ́, ọmọ mi?" Ó ní, "Èmi ni Ísọ̀, àkọ́bí rẹ." Ó gba ìbùkún, ṣùgbọ́n ẹlòmíì ni wọ́n súre fún lójú rẹ̀. Ó sì sá kúrò nílé.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Ní orí 32, létí odò Jábókù, lóru, nígbà tó ku òun nìkan, ẹnì kan bá a jìjàkadì títí ilẹ̀ fi fẹ́ mọ́. Ó ní òun ò ní fi í sílẹ̀ àyàfi tó bá súre fún òun. Ẹni náà bi í pé, "Kí ni orúkọ rẹ?" Ìbéèrè bàbá rẹ̀ ló padà wá yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí ó dáhùn: "Jékọ́bù." Orúkọ tó ń tì í lójú, orúkọ tí Ísọ̀ ti fi bú u pé arẹ́nijẹ ni. Ìgbà tó sọ ọ́ tán ni wọ́n tó fún un ní orúkọ tuntun. Ó ń tiro nígbà tó ń lọ, oòrùn sì yọ bá a.

Ẹ lè ka 1 Sámúẹ́lì 17 mọ́ ọn, níbi tí Dáfídì ti bọ́ ìhámọ́ra Sọ́ọ̀lù nítorí pé kò lè fi rìn.

Mùsùlùmí ni èmi. Ṣé tiwa wà níbẹ̀?

Ó wà níbẹ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún un lójoojúmọ́ gan-an, ṣekárími, ẹnu àwọn àáfà la ti máa ń gbọ́ ọ jù: kéèyàn máa ṣe ìjọsìn tàbí sàráà kí wọ́n lè rí i.

Ẹni tí mo máa ń dárúkọ ni Al-Ghazali, tí wọ́n bí ní Tus ní ilẹ̀ Ìránì ní 1058. Ní 1091 wọ́n fi í ṣe olùkọ́ àgbà ní ilé ẹ̀kọ́ Nizamiyya ní Bàgídáàdì. Nígbà yẹn, kò sí ipò tó lè wu alùfáà onímọ̀ ju ìyẹn lọ. Ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé nígbà tí òun wo inú òun, òun rí i pé kì í ṣe nítorí Ọlọ́run lòun ṣe ń kọ́ni. Òkìkí àti ipò lòun ń wá. Fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà ó ń lọ síwá sẹ́yìn: láàárọ̀ a pinnu láti lọ, nírọ̀lẹ́ a yí ìpinnu padà. Ní 1095 ahọ́n rẹ̀ kọ̀. Ó dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ò jáde. Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun. Àwọn oníṣègùn wò ó títí, wọ́n ní inú ọkàn ni àìsàn náà ti wá.

Ẹ wo bí ara ṣe ń jà fún èèyàn! Ó pín owó rẹ̀, ó fi èyí tó máa tó ìdílé rẹ̀ sílẹ̀, ó sì kọrí sí Damásíkù àti Jerúsálẹ́mù. Nígbà tó padà sídìí iṣẹ́ olùkọ́ ní Nishapur ní 1106, ó ní lójú ẹlòmíì ó lè dà bíi pé iṣẹ́ àtijọ́ náà lòun tún ń ṣe, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tó ń fúnni ní ipò lòun ń kọ́ni tẹ́lẹ̀, èyí tó ń mú kéèyàn fi ipò sílẹ̀ lòun wá ń kọ́ni báyìí. Ìtùnú ńlá ni ìtàn yìí jẹ́ fún àwọn tó ń bi mí bóyá dandan ni kéèyàn fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ṣé ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ ò lè di aṣọ àyálò?

Ó lè dà á, òun ló sì ṣòro jù láti bọ́, nítorí pé àwọn èèyàn á máa ṣe "àmín" sí i. Ọ̀rọ̀ tí Jésù fi pe àwọn àgàbàgebè ní èdè Gíríìkì, òṣèré orí ìtàgé ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Thomas Merton, mọ́ńkì Kátólíìkì kan (ẹni tó yọwọ́ nínú ayé lọ ń gbé ilé àdúrà) ní Gethsemani ní ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé púpọ̀ lórí èmi àdàmọ̀dì yìí. Ọdún 1941 ló wọ ilé àwọn mọ́ńkì. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 1958, ó wà ní ìkòríta kan láàárín ọjà ní ìlú Louisville, ó ń wo àwọn tó ń rajà. Lójijì ó rí i pé òun fẹ́ràn gbogbo wọn, pé wọn kì í ṣe àjèjì sí òun, àti pé èrò pé òun jẹ́ ẹni mímọ́ tó dá yàtọ̀ sí wọn jẹ́ àlá lásán. Ọdún mẹ́rìndínlógún nínú aṣọ mọ́ńkì, kí èyí tó já bọ́! Ó wá dúpẹ́ pé èèyàn bíi tiwọn lòun.

Ìṣẹ̀ṣe wa ńkọ́?

Ìtàn Orísẹ̀ẹ́kú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́ tó lọ yan orí nílé Àjàlá, ẹni tó ń fi amọ̀ mọ orí èèyàn, ti tó. Àwọn méjì wo orí tó tóbi tó sì dán lójú, wọ́n gbé e. Òjò pa wọ́n lọ́nà ayé, orí sì ń bó. Afùwàpẹ́ tó béèrè, tó rúbọ, tó sì jẹ́ kí wọ́n bá òun yàn án, tirẹ̀ ò bó. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ̀rọ̀ orí inú lọ́tọ̀, ti òde lọ́tọ̀.

Kí ló kan ìwé ìtàn nínú ọ̀rọ̀ ìwòsàn ọkàn?

Ìwàásù máa ń bá apá tó ń gbèjà ara rẹ̀ lára wa pàdé. Ìtàn máa ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, gbé ìtàn kan tí àwọn ìyá wa àgbà ti ń pa wọ inú ìwé *The Palm-Wine Drinkard*, tó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. (Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ìwé náà di eré orí ìtàgé ní Yorùbá ní 1963.) Ọkùnrin kan wá sọ́jà, ó rẹwà débi pé ọmọbìnrin tó ti ń kọ gbogbo ọkọ sílẹ̀ tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ṣe wọ igbó, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹ̀yà ara padà fún àwọn tó yá a lọ́wọ́ wọn. Ó dá ẹsẹ̀ padà, ó sanwó. Ó dá ikùn padà, ó sanwó. Ó dá apá, ó dá ọrùn padà, ó ń sanwó ìyálò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku agbárí tó ń yí gbirigbiri nílẹ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìkìlọ̀ fún ọmọbìnrin tó ń wo ẹwà ni mo gbọ́ nínú ìtàn yìí. Nígbà tí mo tún un kà lẹ́ni ogójì ọdún, owó ìyálò ni mo rí. Kò sí ẹ̀yà kan tó yá lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi náà ń sanwó: ẹ̀fọ́rí ìrọ̀lẹ́ Sunday, ìbínú tí mo ń gbé mì, àwọn ọ̀rẹ́ tí wọn kò mọ̀ mí.

Ìwé kejì ni *Ikú Ivan Ilyich* tí Leo Tolstoy, ará Rọ́ṣíà, gbé jáde ní 1886. Adájọ́ ni Ivan Ilyich. Gbogbo ohun tó yẹ ló ṣe: iṣẹ́ tó yẹ, ìyàwó tó yẹ, kọ́tíìnì tó yẹ. Nígbà tí àìsàn ikú dé, ohun tó ń dùn ún ju ìrora lọ ni pé gbogbo ará ilé ń ṣe bíi pé ara rẹ̀ á yá. Gerasim nìkan, ọmọ ọ̀dọ̀ tó wá láti oko, ni kò ṣe bẹ́ẹ̀. Á gbé ẹsẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ lé èjìká, á jókòó bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló ń tu ọ̀gá lára. Ó mọ̀ pé ọkùnrin náà ń kú lọ, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tó yẹ kí ẹ wá nígbà tí ẹ bá ń bọ́ aṣọ àyálò, ẹ wá Gerasim.

Bí mo bá dá gbogbo rẹ̀ padà, ṣé kì í ṣe agbárí ni yóò kù?

Ìbẹ̀rù yìí ló wà nídìí gbogbo ìbéèrè tó kù. Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù àtibọ́ aṣọ bó bá dá a lójú pé ara wà lábẹ́ rẹ̀.

N kò ní tàn yín. Òfìfo máa ń wà fún ìgbà díẹ̀. Mo wọ bùkà kan lọ́jọ́ kan, ìyá olóúnjẹ bi mí pé, "Kí lẹ máa jẹ?" N kò mọ̀. Láti kékeré, ohun tó bá ṣẹ́ kù nígbà tí àwọn àbúrò mi bá jẹun tán ni mo ń jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe nílé ọkọ. Àwọn èèyàn tò sẹ́yìn mi, ìyá náà sì mú ṣíbí dání, ó ń wò mí. Omi bọ́ lójú mi níwájú ìkòkò ọbẹ̀. Ó rọra ní, "Ẹ má kánjú, mà." Mo wá ní, "Ẹ̀kọ. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín." Ohun tó wù mí ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí. Ó dà bí apá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú P.O.P. kúrò lára rẹ̀: ó tín-ín-rín, kò lè gbé garawa, ṣùgbọ́n apá ni, ẹ̀jẹ̀ ń lọ nínú rẹ̀.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Níbi kékeré. Ẹ mú ẹ̀yà kan ṣoṣo, kí ẹ dá a padà fún ẹnì kan ṣoṣo tí kò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n bá bi yín pé, "Ṣé dáadáa ni?", tí kì í sì í ṣe dáadáa, ẹ sọ ọ́ fún ẹni yẹn. Nínú àdúrà, ẹ gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ tó dùn létí sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀pọ̀ nínú Sáàmù ló kún fún ẹkún àti ìbínú, Ọlọ́run ò sì yọ wọ́n kúrò. Ẹ má jí lọ́la kí ẹ lọ máa sọ òótọ́ sójú gbogbo ará ilé. Mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀. Aṣọ àyálò míì ló wọ̀, tó ń jẹ́ "èmi kì í fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀."

Àwọn ẹbí mi ní mo ti yí padà, inú wọn ò dùn.

Ó yé mi. Wọ́n ti ń gbé ẹrù lé èjìká kan fún ogún ọdún, èjìká náà wá yẹ̀. Ẹ fún wọn láyè láti kẹ́dùn ẹni tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má sì máa ṣàlàyé lemọ́lemọ́, kí ẹ máa fẹ́ràn wọn nìṣó. Àwọn kan á bá yín mọ ọ̀nà tuntun náà. Àwọn kan ò ní bá yín mọ̀ ọ́n, á sì dùn yín.

Ìgbà wo ló yẹ kí n lọ rí dókítà?

Bí oorun tàbí oúnjẹ bá ti kọ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, bí ohunkóhun ò bá wù yín mọ́, tàbí bí èrò pé kí ẹ kúkú kú bá ń wá, ẹ lọ lónìí, ẹ má dúró de ìwé kankan. Ilé ìwòsàn Àrọ̀ ní Abẹ́òkúta ti ń ṣiṣẹ́ yìí láti 1954. Adéoyè Lambo, dókítà tó darí rẹ̀ nígbà yẹn, jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé tó wà nítòsí, kí wọ́n máa jẹun, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ láàárín èèyàn, kí wọ́n sì máa lọ gba ìtọ́jú. Wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni wá dá nìkan yá.

Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Ṣé ẹ ti dá gbogbo rẹ̀ padà?

Rárá. Bí ẹ bá pè mí láàárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ ṣì lè bá ohùn tó ń dán yẹn pàdé. Bí ìṣòro bá dé sílé wa, Ìyá Kékeré ló máa ń kọ́kọ́ dìde, kí n tó rántí pé ó ti dàgbà jù.

Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, àbúrò mi obìnrin pè mí pé òun fẹ́ yá owó. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń lọ yá a níbòmíì wá fún un ni. Mo ní, "N kò ní in, àbúrò mi. Ó sì ti rẹ̀ mí." N kò mọ bí gbólóhùn kejì ṣe jáde. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé íńtánẹ́ẹ̀tì ti já. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, n kò mọ̀ pé ó máa ń rẹ̀ yín." Kò tún dárúkọ owó náà mọ́. Ó bi mí pé kí ni mo jẹ láàárọ̀, mo sọ fún un, a sì sọ̀rọ̀ títí bátìrì fóònù rẹ̀ fi kú.